Ọdún Tí Láfún Dàpọ̀ Lórí Àpáta

Ilé wa ní Èrúwà kò jìnnà sí géètì pólì rárá. Bí èèyàn bá sín ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, ẹni tó ń ta búrẹ́dì ní géètì lè dá a lóhùn pé pẹ̀lẹ́ o. Màmá mi ń ṣe tíṣà ní Ìdèrè nígbà náà, ó sì fi mí sọ́dọ̀ ìyá tó bí i, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Àgbà. Ilé náà gùn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ la àárín rẹ̀ kọjá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sì háyà àwọn yàrá iwájú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, omi àlùwàlá Ìyá Rábí tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́, bó ṣe ń ta sórí òkúta. Lẹ́yìn náà ni ìgbálẹ̀ Ìyá Àgbà máa bẹ̀rẹ̀ lójúde. Ìgbálẹ̀ yẹn kì í tíì sinmi tí Bọ̀dá Ráṣíìdì tó wà ní yàrá àkọ́kọ́ yóò fi jáde sábẹ́ igi máńgòrò, tí yóò máa rìn lọ rìn bọ̀, tí yóò máa ka ìwé sókè bí ẹni tó ń bá ìwé náà jà. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ajílẹ̀ ló ń kà. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣì wà lórí mi títí di òní, n kò sì mọ ìtumọ̀ ẹyọ kan níbẹ̀. Ìyá Àgbà á dúró, á fi ìgbálẹ̀ ti ìbàdí, á ní, "Ráṣíìdì, ìwé tí o ń kà yìí, ṣé etí ẹ̀ di ni?"

Láfún ni iṣẹ́ Ìyá Àgbà. Mo mọ òórùn ẹ̀gẹ́ tó ń rẹ nínú omi kí n tó mọ òórùn ọṣẹ. Mo bá a bó o, mo bá a kó o, mo bá a fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, a ó sì jọ rù ú lọ sí orí àpáta ńlá tó wà lẹ́yìn ilé wa, tó rọra dàgẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ títí tó fi kan ojú títì. Àwọn obìnrin àdúgbò ti ń sá láfún lórí àpáta yẹn kí ẹnikẹ́ni tó ronú pé pólì máa wà. Ìyá Àgbà kì í ṣahun omi, ojoojúmọ́ ló ń pààrọ̀ omi tó fi ń rẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí láfún rẹ̀ fi máa ń funfun nini. Obìnrin kan máa ń ti Ìbàdàn wá rà á, kò sì ní yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ìyá Àgbà kì í fọ́nnu nípa rẹ̀, àmọ́ tí ẹ bá yìn ín, kì í sọ pé irọ́ ni.

Ọdún tí mò ń wí yìí, ìparí ọ̀gbẹlẹ̀ ni Àǹtí Fúnmi, akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tó háyà yàrá kan lọ́dọ̀ wa, dé. Bàbá rẹ̀ gbé e wá láti Èkó, òun pẹ̀lú báàgì búlúù kan tó tóbi ju èmi lọ. Bàbá náà kò jókòó pẹ́. Ó mu omi, ó dìde, ó sì kọjú sí Ìyá Àgbà. Ó ní, "Màmá, ẹ gbọ́ o, ojú yín ni mo ti ń sọ ọ́. Òun ló ní òun fẹ́ kàwé. Tó bá fi ibí sílẹ̀ kí ìdánwò tó parí, ọ̀rọ̀ ìwé ti tán láàárín èmi àti ẹ̀ nìyẹn. Àbúrò mi obìnrin ti ní òun máa gbà á sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ." Ìyá Àgbà ní ó ti gbọ́. Bí mọ́tò bàbá náà ṣe ṣí, Àǹtí Fúnmi wọ yàrá, ó tilẹ̀kùn, a sì ń gbọ́ ẹkún rẹ̀ nígbà tí a ń jẹun. Ọ̀sẹ̀ náà parí, kò yí padà. Ó ní iná kò sí, ó ní omi jìnnà, ó ní òun kò lè sùn nítorí pé ibí dákẹ́ jù. Ìyá Àgbà la ẹnu sílẹ̀. "Dákẹ́ kẹ̀? Ibi tí Ráṣíìdì ń gbé?"

Mo fẹ́ràn rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti rí i, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe jẹ́. Ó máa ń jẹ́ kí n gbóòórùn ìpara rẹ̀. Ó máa ń pè mí ní ọ̀rẹ́ mi, ẹnikẹ́ni kò sì tíì pè mí bẹ́ẹ̀ rí, èmi tí gbogbo ilé ń rán níṣẹ́. N kò fẹ́ kó lọ rán aṣọ fún ẹnikẹ́ni. Ó dà bíi pé Ìyá Àgbà rí èyí lójú mi, nítorí ní ọ̀sán Sátidé kan, ó pè mí. "Àbẹ̀ní, mú àǹtí ẹ rìn àdúgbò. Àlejò lójú, kò fi ríran. Ìwọ lọ bá a fi ríran." Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ọmọ tí wọn kò gbà kó dá kọjá títì ni wọ́n sọ di afinimọ̀nà. Mo wọ bàtà ọjọ́ Àìkú mi.

Géètì ni mo kọ́kọ́ mú un lọ, nítorí lójú tèmi, ibẹ̀ ni ayé ti bẹ̀rẹ̀. Mo fi pátákó ọ̀gbẹ́ni agẹrun hàn án, tí wọ́n ya oríṣiríṣi orí sí, mo sì sọ èyí tó bá Bọ̀dá Ráṣíìdì mu àti èyí tó fẹ́ kí wọ́n gẹ̀ fún òun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Mo mú un dé ọ̀dọ̀ Bàbá Fótò, tó kọ́ aṣọ ńlá tí wọ́n ya bàálù sí mọ́ ara ògiri, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń dúró níwájú rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wọkọ̀ lọ sí òkè òkun. Ibẹ̀ ni Àǹtí Fúnmi ti kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní ilé àwọn l'Ékòó kò jìnnà sí pápá ọkọ̀ òfúrufú, síbẹ̀ òun kò tíì sún mọ́ bàálù tó báyìí rí. A jẹ àkàrà gbígbóná lábẹ́ igi, a wo bọ́ọ̀lù lórí pápá, níbi tí àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ń fìyà jẹ àwọn tó ń kọ́ ìṣirò owó. A dúró lẹ́yìn fèrèsé kíláàsì kan tí àwọn ọmọ ìjọ ti ń kọrin, títí ìrun fi pè ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí ohùn méjèèjì sì ń bá ara wọn lọ. Ní ọjọ́ ọjà Tápà, a gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀, èmi láàárín, òun lẹ́yìn. Oko wà lọ́tùn-ún, oko wà lósì. Ó béèrè pé ewé kí ni gbogbo eléyìí. Mo ní ẹ̀gẹ́ ni. Ọlọ́kadà yí orí padà wo ọmọ Èkó tó ti ń mu gàrí láti kékeré, a fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ koto.

Àpáta ni mo fi parí. Tí oòrùn bá ti rọlẹ̀, tí àwọn obìnrin ti kó láfún wọn kúrò, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń gba ibẹ̀. Àwọn kan ń kàwé, àwọn kan ń dọ́gbọ́n bí ẹni ń kàwé nítorí ọmọge tó jókòó nítòsí. Láti òkè ibẹ̀, ẹ ó rí páànù ilé, ẹ ó rí géètì, ẹ ó rí títì tó lọ sí Ìbàdàn bó ṣe ń wọnú igbó. Àǹtí Fúnmi wo títì yẹn pẹ́. Láti ọjọ́ náà, orí àpáta di ibi ìkàwé rẹ̀, àní ní ọ̀sán tí láfún ṣì wà níbẹ̀. Mo ti sọ orúkọ gbogbo nǹkan fún un, àfi ohun kan tí kò wá sí mi lọ́kàn pé ẹ̀dá Ọlọ́run kan lè wà tí kò mọ̀ ọ́n. Mo ti dàgbà báyìí, mo sì ti rí i pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìlú ṣe rí, ohun tí gbogbo wa mọ̀ ni a kì í sọ fún àlejò.

Ohun náà ni àmì. Kò sí ilà lórí àpáta, àmọ́ obìnrin kọ̀ọ̀kan ní ojú ibi tirẹ̀, ó sì ní nǹkan tó fi ń sàmì sí i. Ọrùn ìkòkò tó fọ́ ni ti Ìyá Àgbà. Ìdérí kẹ́tù àlùwàlá àtijọ́ ni ti Ìyá Rábí. Agolo sàdíìnì méjì tí wọ́n so pọ̀ ni ti Ìyá Ìbejì, ẹni kẹta wọn. Bí òjò bá ṣú tí ẹni tó ni láfún kò sí nílé, ẹni tó bá wà nítòsí ni yóò kó o fún un, yálà wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ tàbí wọ́n ń jà. Ṣùgbọ́n yóò kó ti oníkálukú sínú àpò tirẹ̀, yóò sì gbé àmì rẹ̀ lé orí àpò náà. Láfún ẹni kì í dàpọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Omi tí kálukú fi rẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ yàtọ̀, ọwọ́ yàtọ̀, oníbàárà yàtọ̀.

Ọjọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣú láìròtẹ́lẹ̀, àwọn ìyá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lọ wú ẹ̀gẹ́ lóko, èmi wà nílé ìwé, Àǹtí Fúnmi nìkan ló wà lórí àpáta pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Ó rí i tí ojú ọ̀run dúdú. Ó sáré wọlé, ó gbé ọ̀rá ńlá tí a fi ń bo igi ìdáná, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó sì gbá gbogbo láfún orí àpáta sórí rẹ̀, ti ìhín, ti ọ̀hún, ó wọ́ ọ dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa kí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ tó balẹ̀. Àwọn ìyá sáré dé nínú òjò, èmi náà sáré dé láti ilé ìwé, a sì bá òkìtì láfún kan ṣoṣo ní àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àǹtí Fúnmi jáde, ẹfun láfún bo ojú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń retí ọpẹ́. Ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu mà. Ẹyọ kan ò tutù."

Ìyá Rábí wo òkìtì náà. "Ta ló ni èyí?"

"Ti gbogbo yín ni mà."

"Àwọn àmì ńkọ́?"

"Àmì wo mà?" Ó ronú díẹ̀. "Ṣé àwọn ìdọ̀tí tó wà lórí ẹ̀? Mo ti bá yín kó o dànù."

Ìyá Ìbejì kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, nítorí ìwà rẹ̀ nìyẹn, ó lè rẹ́rìn-ín níbi òkú. Ìyá Rábí ní tirẹ̀ ká ọwọ́ lérí. Ọmọ Rábí ni wọ́n fẹ́ kó jáde lọ́sẹ̀ náà, láfún tirẹ̀ ni àwọn àlejò ìkómọ fẹ́ jẹ. Ìyá Àgbà ní, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ẹ jẹ́ ká fi àwo pín in, kálukú mọ ìwọ̀n tó sá." Ìyá Rábí dáhùn pé, "Ìyá Àgbà, agbè tiyín ni ò fọ́. Èmi ni màá gbé òkèlè tí mi ò mọ ìyá ẹ̀ síwájú àwọn àna." Ó yíjú sí Àǹtí Fúnmi. "Wọ́n ní o wá kàwé. Ojú tí o fi ń kà á, kí ló dé tí o ò fi wo ilẹ̀?" Mo rí bí ẹ̀rín ṣe kúrò lójú Àǹtí mi. Wọ́n pín láfún náà, òjò ń rọ̀.

Ohun tó pa á lára jù kọ́ nìyẹn. Nígbà tí obìnrin Ìbàdàn dé, Ìyá Àgbà tú àpò fún un. Obìnrin náà kò tíì fọwọ́ kàn án tí Ìyá Àgbà fi ní, "Kì í ṣe tèmi nìkan o. Ó ti dàpọ̀." Ta ló bi í? Obìnrin náà ì bá má mọ̀, tàbí kó mọ̀ lẹ́yìn tó bá délé. Ó bu díẹ̀, ó fi ìka ra á, ó dá a padà sínú àpò, ó ní ó dìgbà mìíràn. Àǹtí Fúnmi dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó rí gbogbo rẹ̀. Lálẹ́ ó sọ fún Ìyá Àgbà pé òun ń lọ sílé lọ́jọ́ kejì, pé iṣẹ́ ìránṣọ náà kì í ṣe ikú. Mo rò pé Ìyá Àgbà máa bẹ̀ ẹ́. Ó kàn ní, "Mi ò lè so ẹ́ mọ́lẹ̀, ọmọ mi. Bó o bá délé, kí bàbá ẹ." Inú bí mi sí i débi pé n kò jẹ oúnjẹ alẹ́, ìyẹn sì jẹ́ ohun tó le fún mi.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ìyá ti he àmì wọn padà, wọ́n ti sá láfún tuntun, wọ́n sì ti padà sóko. Èmi ni mo sin Àǹtí Fúnmi dé ojú títì lábẹ́ àpáta, mo di ọwọ́ báàgì búlúù náà mú lápá kan bí ẹni ń ràn án lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ṣe ni mò ń fà á sẹ́yìn. A dúró, mọ́tò kò dé. Nígbà tó yá, atẹ́gùn tutù kan gbé iyẹ̀pẹ̀ títì. A wòkè lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí òjò ti ń ṣú wá, ọ̀nà oko ni, kò sì sí bí àwọn ìyá ṣe lè ṣáájú rẹ̀ délé. Ibẹ̀ náà ni mọ́tò Ìbàdàn yọ, kọ́ńdọ́ ti ń pariwo láti òkèèrè. Mọ́tò dúró níwájú wa gan-an. Kọ́ńdọ́ na ọwọ́ sí báàgì.

Àǹtí Fúnmi kò fún un. Ó ń wo orí àpáta. Ó ní, "Àbẹ̀ní, èwo ni ti ta?"

Mo ní, "Ọrùn ìkòkò, Ìyá Àgbà. Ìdérí kẹ́tù, Ìyá Rábí. Agolo, Ìyá Ìbejì." Ó gbé báàgì sílẹ̀ ní etí títì, ó ká yẹ̀rì rẹ̀, ó sì ń gun àpáta lọ. Kọ́ńdọ́ bú wa, ó bú ìyá tó bí wa, wọ́n lọ. A kó ti Ìyá Rábí ṣáájú nítorí òun ló wà nísàlẹ̀ níbi tí omi orí àpáta yóò ṣàn sí. Àpò tirẹ̀, àmì tirẹ̀ lórí. A kó ti Ìyá Ìbejì. Nígbà tí a kan ti Ìyá Àgbà, òjò ti ń ta sí wa lẹ́yìn, a sì fi ara wa bo àpò náà títí a fi wọlé. Ìgbà tí òjò wá bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́ ni a rántí báàgì. Ẹni eji rí leji ń pa. Àǹtí Fúnmi jókòó sórí ilẹ̀, ó ń mí gúlegúle, ó ní kí n fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Àwọn ìyá wọlé, omi ń kán lára wọn. Àpò mẹ́ta tò sí ara ògiri, ọrùn ìkòkò, ìdérí kẹ́tù, agolo. Ìyá Rábí lọ sídìí tirẹ̀, ó tú u, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀, ó so ó padà. Ó kẹ̀yìn sí wa. Ó ní, "Báàgì ta ni òjò ń pa lójú títì yẹn?" Kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn, ó ti bọ́ sínú òjò. Òun fúnra rẹ̀ ló fà á wọlé, ó tẹ̀wọ̀n débi pé ọwọ́ kan já níbẹ̀. Ó tú gbogbo aṣọ inú rẹ̀, ó ń fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ráhùn pé irú aṣọ Èkó wo ló máa ń gba omi tó báyìí. Nígbà tó kan èyí tó kẹ́yìn, ó ní, láìgbójú sókè, "Ẹni tó bá mọ inú rò, á mọ ọpẹ́ dá. O ṣé, ọmọ mi." Ìyá Àgbà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń fi etí ìró nu nǹkan tí kì í ṣe òjò.

Ní ọjọ́ kejì, oòrùn yọ. Wọ́n sá aṣọ Àǹtí Fúnmi sórí àpáta láàárín láfún, síkẹ́ẹ̀tì, búláùsì, bàǹtẹ́, gbogbo pólì ló rí i, Bọ̀dá Ráṣíìdì kò sì lè kàwé dáadáa lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n kó aṣọ kúrò, Ìyá Àgbà ní kí wọ́n má sá nǹkan kan sí ojú ibẹ̀ mọ́. Ó ní kí Àǹtí Fúnmi wá rẹ ẹ̀gẹ́ tirẹ̀, kó sì máa sá a síbẹ̀. Ìyá Rábí ní, "Àmì ẹ ńkọ́?" Àǹtí Fúnmi wò yíká, ó sì mú ọwọ́ báàgì tó já náà, ó fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Láfún tó kọ́kọ́ ṣe dúdú, ó sì ní òórùn tí n kò ní ṣàpèjúwe. A jẹ ẹ́. Ó ṣe ìdánwò, ó yege, ó parí ìwé rẹ̀, bàbá rẹ̀ wá gbé e pẹ̀lú ijó lẹ́nu ọ̀nà kan náà. Kò gbé ọwọ́ báàgì yẹn lọ.

Ìyá Àgbà ti sùn, Ìyá Rábí náà ti sùn. Nígbà tí mo lọ sílé láìpẹ́ yìí, mo gun àpáta náà, díẹ̀díẹ̀, nítorí orúnkún mi kò mọ̀ mí mọ́. Ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti yí i ká, ibi tí Bàbá Fótò kọ́ aṣọ bàálù sí ti di ibi tí wọ́n ti ń fi iná sí fóònù, àwọn ọmọ náà sì ń ya ara wọn ní fọ́tò lórí àpáta láìwá ẹni tó máa yà wọ́n. Àmọ́ láfún ṣì wà níbẹ̀. Obìnrin kan tí n kò mọ̀ ń nàka sí ọmọ rẹ̀, ó ní, "Sá tọ̀hún sí ojú Àǹtí, ibẹ̀ ń tètè gbẹ." Mo wo ibi tó nàka sí, ojú ibi tí ọwọ́ báàgì wà nígbà náà ni. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó jókòó nítòsí mi yọ nǹkan tó kì sétí, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo máa ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ ọ́. Ta ni Àǹtí yìí gan-an?"

Mo ní ẹnì kan tó ń lọ sílé ni, ni òjò bá ṣú.